Òpó Tí Mo Rì Sílẹ̀ Jù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ jókòó tì mí, àmọ́ ẹ má retí ọ̀rọ̀ dídùn. Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi, kí àwọn tó fẹ́ wá kọ́ nípa yíya àwòrán ilé, títún àyíká ṣe àti fífi ètò sí ìlú lè rí i kà. Mo mọ ohun tí wọ́n ń retí. Wọ́n ń retí kí n kọ nípa aago ògiri tí wọ́n fún mi lọ́jọ́ tí mo ń lọ. Aago náà ń ṣiṣẹ́, mo dúpẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kọ kò kan aago.

Orúkọ mi ni Ràfíù Àkànjí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Ọdún 1999, ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, ni mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi dé Port Harcourt. Àlùbọ́sà ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà ní ọjà Creek Road. Mo bá a tà á fún oṣù mẹ́ta, ó sú mi. Mi ò ní sùúrù fún oníbàárà tó máa fọwọ́ tẹ gbogbo ọjà tán kó tó ní òun ń bọ̀. Ẹnì kan ládùúgbò wá sọ fún wa pé ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ń wá ẹni tó lágbára, tí yóò máa ru ẹrù fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wọn ilẹ̀. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù kò tó nǹkan nígbà náà, kò sì tó nǹkan nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá tí wọ́n fi mí sí lábẹ́ ni Pa Igoni, ọmọ Kalabari, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í rẹ́rìn-ín títí ọ̀sán fi pọ́n. Òun ló ń tọ́jú yàrá tí a ń kó ẹ̀rọ ìwọ̀n sí. Àwọn olùkọ́ ló ní oyè, òun kò ní, síbẹ̀ kò sí olùkọ́ tó jẹ́ lọ wọn ilẹ̀ láìkọ́kọ́ bi í. Pidgin ni èmi àti ẹ̀ máa ń sọ. Yorùbá ni màá fi kọ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, àyàfi èyí tó ṣì ń dún létí mi bó ṣe sọ ọ́ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Port Harcourt tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ lè dúró lójú kan kí ẹ má mọ apá ibi tí omi òjò máa gbà. Ojú lásán kò lè rí i, àfi kí a wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn sítúdíò tí àwọn ọmọ ti ń yàwòrán, òpó kọnkéré kúkurú kan wà níbẹ̀, irin róbótó kan wà lórí rẹ̀. A ti mọ iye gíga irin yẹn tẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ ni gbogbo ìwọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á gbé ọ̀pá onínọ́ńbà dúró, ẹlòmíì á fi ẹ̀rọ wo ọ̀pá náà, á kà á, á kọ ọ́ sínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe lọ títí a ó fi dé ibi tí a ń lọ, a ó sì tún wọ̀n padà wá sórí òpó kan náà. Tí nọ́ńbà tí a mú bọ̀ bá bá ti ìbẹ̀rẹ̀ mu, ìwé ti pa ẹnu dé nìyẹn. Tí kò bá bá a mu, a ti ṣìṣe lójú ọ̀nà.

“Carry am go, carry am come back,” ni Pa Igoni máa ń wí. “If e no close, you lie.”

Ọ̀gbẹ́ni náà le. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fojú kan ẹ̀rọ. Ọ̀pá ni mo ń gbé dúró. Ó so òkúta kékeré mọ́ okùn, ó so okùn mọ́ ọ̀pá náà kí n lè mọ̀ bó bá dúró ṣánṣán, ó ní okùn yẹn kò gbọdọ̀ kúrò lára ọ̀pá, bí oòrùn bá ń jó mi kí n jẹ́ kó jó mi. Nígbà tí mo wá dé ìdí ìwé, ó gba rọ́bà ìpàwérẹ́ lọ́wọ́ mi, ó jù ú sínú igbó. Kò sẹ́ni tó ń pa nọ́ńbà rẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Tí o bá ṣì í kọ, wàá fa ìlà kan ṣoṣo gba orí rẹ̀ kọjá, kí ẹni tó bá wò ó ṣì lè kà á, wàá wá kọ èyí tó tọ̀nà sókè rẹ̀, wàá kọ orúkọ rẹ sí i. Lọ́jọ́ kan, mo pe nọ́ńbà kan tí mi ò rí dáadáa. A ti dé etí odò lọ́jọ́ náà, ìrìn wákàtí kan gbáko. Ó wojú mi, ó ní ṣé mo rí i tàbí mo rò ó. Mo ní mo rò ó. Ó kó gbogbo wa padà sí ìdí òpó, èmi àti ogún akẹ́kọ̀ọ́, a bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn bú mi dé ìdí baba ńlá mi.

Ó tún ní ohun kan tí kì í fi ṣeré. Ó kun ọ̀dà pupa bíńtín sí ìsàlẹ̀ ògiri sítúdíò, ó ń pè é ní ẹlẹ́rìí. Lọ́dọọdún, kí ẹnikẹ́ni tó wọn nǹkan, a ó kọ́kọ́ wọn òpó sí ẹlẹ́rìí, ká lè mọ̀ pé òpó kò mira. “Peg fit waka,” ó wí fún mi. “Wall no dey waka.”

Obìnrin kan wà tí mo gbọ́dọ̀ mú yín mọ̀. Màmá Nnenna ni a ń pè é, opó ni, òun ló ń gbá sítúdíò. Bí a bá ti wà nínú oòrùn, á gbé omi tútù wá bá wa lórí pápá. Ńgbàtí ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu wa pe àwa Yorùbá níbẹ̀. “Ngbati, drink water before you fall, I no fit carry you go Ogbomosho.” Ilé òṣìṣẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ni èmi àti ẹ̀ ń gbé, ilẹ̀kùn mẹ́ta ló wà láàárín wa. Ó fẹ́ràn ìyàwó mi. Nígbà tí a bí Ganíyù, òun ló wẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méje.

Pa Igoni fẹ̀yìn tì, ó kó kọ́kọ́rọ́ yàrá náà àti gbogbo ìwé ìwọ̀n rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo di ọ̀gá. Inú mi dùn débi pé mo ra fìlà tuntun.

Ọdún kejì tí mo di ọ̀gá ni katakata tó ń gé koríko kọ lu òpó náà, ó wó o, orí rẹ̀ fọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ọmọ ọdún kejì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwọ̀n. Ẹ̀rọ wa sì wà ní Trans-Amadi lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Mo po sìmẹ́ǹtì fúnra mi, mo mọ òpó tuntun, mo ki irin àtijọ́ yẹn sí i lórí. Mo wá ronú ọlọ́gbọ́n kan. Mo ní tí mo bá rì í sílẹ̀ díẹ̀, katakata kò ní lè kọ lù ú mọ́. Mo rì í sílẹ̀. Mo ní tí ẹ̀rọ bá dé, màá wọ̀n ọ́n sí ẹlẹ́rìí, màá sì kọ nọ́ńbà tuntun fún un. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ dé, àwọn ọmọ ti tò sílẹ̀, olùkọ́ ń pariwo. A gbéra. A lọ, a bọ̀, ìwé pa ẹnu dé rẹ́gí. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ, ibi tí mo ti ṣubú gan-an nìyí. Ìwé á máa pa ẹnu dé nígbà gbogbo tí o bá lọ láti orí òpó tí o sì padà sórí òpó kan náà, ìbáà jẹ́ inú kànga ni òpó ọ̀hún wà. Òpó ti lọ sílẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà. Gbogbo ibi tí mo bá wọ̀n láti orí rẹ̀, ìwé mi á ní ó ga ju bó ṣe ga lọ. Mo mọ èyí. Wọ́n kọ́ mi. Mo kàn ń sọ fún ara mi pé lọ́la, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí wàhálà bá dínkù. Lọ́dún yẹn ni wọ́n tún sítúdíò kùn, ọ̀dà tuntun bo ẹlẹ́rìí. Mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kùn ún.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Dókítà Wobo, olùkọ́ tó ń kọ́ni nípa títún àyíká ṣe, ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun ya àwòrán gọ́tà àti ọgbà òdòdó fún ilé òṣìṣẹ́ wa, kí omi tó ń dúró níwájú ilé lè máa ṣàn lọ sódò. Iṣẹ́ rere ni. Èmi ni mo wọn apá òkè, níwájú ilé wa. Ẹnu gọ́tà àtijọ́ tó wà létí odò ni kí ti tuntun já sí, ẹrọ̀fọ̀ sì ti gba ibẹ̀. Dókítà ní, “Nọ́ńbà ibẹ̀ ṣáà wà nínú ìwé Pa Igoni, kí la tún fẹ́ lọ rì sínú ẹrọ̀fọ̀ fún?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Báyìí ni wọ́n ṣe pa ìwọ̀n ìgbà òpó àtijọ́ pọ̀ mọ́ ìwọ̀n òpó tí mo rì sílẹ̀. Lórí bébà, gọ́tà náà dà sódò. Nínú ilẹ̀, ibi ilé wa ló dà sí.

Wọ́n kọ́ ọ, ó dára lójú, àwọn ọmọ ya fọ́tò níbẹ̀. Òjò kékeré méjì rọ̀, omi kàn dúró sínú rẹ̀, a ní ìdọ̀tí ló dí i. Ọjọ́ Sunday kan lọ́sàn-án, òjò ńlá dé, odò sì kún lákòókò kan náà. Mo jáde síwájú ilé láti wo gọ́tà. Nylon pure water kan ń bọ̀ lórí omi. Láti ọ̀nà odò ló ti ń bọ̀ wá bá wa. Lójú ẹsẹ̀ ni mo ti mọ̀, kò tíì sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún mi.

Omi wọlé kíá. Ìgbáròkó ti ń dun Màmá Nnenna nígbà náà, ó ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó sùn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló gbé wáyà iná tó ki fíríìjì rẹ̀ bọ̀ sí, fíríìjì tó fi ń mú omi tútù. Mo ń pè é, kò dáhùn. Mo fi èjìká já ilẹ̀kùn. Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò kan tó sáré pa iná ìta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwa méjèèjì là bá jọ lọ. Ó ti sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì sínú omi kí n tó dé, iná sì ti gbé e. Mo gbé e jáde, ara rẹ̀ ṣì gbóná. Mi ò fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nnenna, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, dé láti Aba. Àwọn aládùúgbò sọ fún un pé èmi ni mo já ilẹ̀kùn. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún sí mi láyà, ó ní láti òní lọ, èmi ni bàbá òun. Mo dúró gbọnrangandan.

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Wọ́n gba ìwé mi, ó pa ẹnu dé. Wọ́n gba ìwé Pa Igoni, ó pa ẹnu dé. Wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá náà láti Township, àdúgbò tó ń gbé, ó wọ ẹ̀wù kóòtù, ó dúró níwájú wọn. Alága bi mí pé, “Ràfíù, ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan òpó yẹn rí?”

Mo ní, “No, sir.”

Pa Igoni yíjú sí mi. Ilẹ̀ ni mò ń wò. Wọ́n bi òun náà, ó ní, “My figure correct,” kò sọ ju ìyẹn lọ. Wọ́n ní ẹ̀rọ ayé àtijọ́ ló lò, ojú rẹ̀ sì ti lè máa ṣe bàìbàì nígbà náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tó kọ ìwọ̀n etí odò sí pé ìwọ̀n rẹ̀ kò ṣe é gbára lé. Wọ́n ní kí n kó gbogbo ìwé rẹ̀ jáde, kí n sun ún. Mo sun ún, àfi ìwé odò yẹn, mo fi sábẹ́ àpótí mi. Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi wò mí, ó ní, “Bàbá Ganíyù, ṣé ẹ rí òkú ni?” Mo ní ó rẹ̀ mí ni.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀. Dókítà Wobo sọ ọ́ di ẹ̀kọ́. Lọ́dọọdún, níwájú àwọn ọmọ tuntun, á dúró ní ìdí òpó náà, á máa sọ ìtàn ọkùnrin tí kò fara balẹ̀ wọn etí odò, tí ó fi ṣekú pa èèyàn. “Igoni error” ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé wọn. Èmi ni mo máa ń gbé ọ̀pá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó bá ń sọ ọ́. Okùn kì í kúrò lára ọ̀pá.

Irinṣẹ́ yí padà. Ẹ̀rọ tó ń fúnra rẹ̀ ka nọ́ńbà dé, èyí tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń ju èyí tó ń fò sókè kó lè ya ilẹ̀ látòkè. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tonye gbé ti sátẹ́láìtì lé òpó wa lórí, ó ní nọ́ńbà rẹ̀ kò dọ́gba pẹ̀lú ti gbogbo òpó tó kù nínú ọgbà. Olùkọ́ ní Igoni error náà ni. Ọmọ náà kò gbà. Ó wá bá mi ní ìdákọ́ńkọ́, ó ní, “Daddy, who plant this peg?” Mo ní ibẹ̀ ni mo bá a. Ẹ̀ẹ̀kejì tí mo parọ́ nìyẹn, ó sì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Mo kọ́ yàrá méjì sí Eneka. Nnenna náà wá gba ilé síbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, òpópónà kejì sí tèmi, ó ní òun fẹ́ sún mọ́ bàbá òun. Lọ́dọọdún tí a bá pa ẹran Iléyá, mo máa ń fi kúlà kan gbé e ránṣẹ́ sí i. Tó bá di Kérésìmesì, á fi kúlà náà gbé ìrẹsì padà wá fún wa. Mo ń jẹ ìrẹsì náà.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì ni mo lọ sílé Pa Igoni, lẹ́yìn ọjà Creek Road. Ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, mo sọ gbogbo rẹ̀: katakata, òpó, ẹlẹ́rìí, ìgbìmọ̀. Nígbà tí mo parí, mo rò pé á gbá mi létí.

“How much?” ló bi mí. “You sink am, how much?”

Mi ò mọ̀. Ní gbogbo ọdún yìí, mi ò wọ̀n ọ́n rí. Ìtìjú bò mí ju tìgbà tí mo ń ka ẹ̀ṣẹ̀ mi lọ.

“Go read am,” ó wí. “Then come.”

Mo padà sílé-ẹ̀kọ́. Tonye ti di olùkọ́ níbẹ̀. Mo sọ fún un, ó gbé ẹ̀rọ wá. Mo fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara ògiri, ìpele lórí ìpele, títí pupa fi yọ. A wọ̀n ọ́n lọ, a wọ̀n ọ́n bọ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlógún. Kò ju kí n la ọwọ́ mi sílẹ̀ lọ.

Mo gbé ìwé odò tí mo fi pamọ́ lọ bá Pa Igoni. Ó fọwọ́ pa á lára, ó mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n ṣí i. Ó ní kí n fa ìlà gba orí ibi tí ìgbìmọ̀ kọ ọ̀rọ̀ wọn sí, ìlà kan ṣoṣo, kí n kọ nọ́ńbà náà sókè, kí n kọ orúkọ mi. Mo kọ ọ́. Ó ní kí n kà á sí òun létí, mo kà á. Kò sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà kò bi í. Mo ti dìde tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Ràfíù. E never close. That woman get pikin.”

Mo gba ibẹ̀ lọ sílé Nnenna. Ó ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé, ó gbé àga fún mi, ó pè mí ní Daddy. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún Pa Igoni. Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Ó gbójú sókè.

“That day wey you break the door,” ó wí, “you don know already?”

Mo rántí nylon yẹn lórí omi. Mo ní, “I don know already.”

Kò pariwo. Ì bá pariwo ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ó wọlé, ó gbé kúlà wa jáde, ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó gbé e sí ẹ̀bá ẹsẹ̀ mi, ó wọlé padà, ó ti ilẹ̀kùn. Kúlà náà wà nílé mi báyìí. Nígbà tí ìyàwó mi bi mí ìdí tó fi ṣófo, mo sọ fún un pẹ̀lú, òun náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Mo ti mú ìwé náà lọ fún àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo ti fọwọ́ sí i, ohun tí wọ́n bá fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe. Wọ́n ní àwọn máa wò ó. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ fún ẹ̀yin. Ẹ wá kọ́ iṣẹ́ náà tó bá wù yín, iṣẹ́ gidi ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ bá wọlé, wọ́n á kó yín lọ sẹ́yìn sítúdíò, sídìí òpó kúkurú kan tó fara pamọ́ sínú koríko. Tí olùkọ́ bá ní ẹ kọ Igoni error sínú ìwé yín, ẹ má fi rọ́bà pa á rẹ́. Ẹ fa ìlà kan gba orí rẹ̀ kọjá, kí ẹ kọ Ràfíù Àkànjí sókè rẹ̀.